Dísítíríbútọ̀ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Rà

Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé Ìgándò, àwọn ará àdúgbò máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà tó já sí Ẹ̀gan ni ilé wa wà, níbi tí kò sí omi kankan àfi èyí tó bá dúró sójú títì lẹ́yìn òjò. Wọ́n á ní ṣé inú gọ́tà la fẹ́ máa tukọ̀ ni. Ọkọ mi á kàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ ká nìyẹn, ibẹ̀ ló kọ́lé sí, ó sì na páànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sọ abẹ́ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ni ọkọ̀ létí omi lápá Ọ̀jọ́ á gbé ẹ́ńjìnnì wọn sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n á gbé e wá bá a. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé tí ẹ́ńjìnnì bá ti ọ̀dọ̀ bàbá yẹn kúrò, kì í kú sáàárín omi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí ọkọ mi ní láyé, ilé ò tó o, ilẹ̀ ò tó o.

Ọmọ Ìlàjẹ ni. Etí omi ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ ẹ́ńjìnnì bí èmi ṣe mọ ìkòkò ọbẹ̀ mi. Èmi ọmọ Èkìtì ni mí ní tèmi. Omi tó bá ti kọjá orúnkún ń bà mí lẹ́rù, mi ò sì wọ ọ̀kankan rí nínú àwọn ọkọ̀ tó tún ṣe. Mi ò lọ sílé ìwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ́ńjìnnì náà, kó lè yé ẹni tí kò bá rí i rí. Kì í ṣe kékeré tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀. Ńlá ni. Ó tó ti ọkọ̀ akẹ́rù, pẹtiróòlù ló ń mu, inú ikùn ọkọ̀ gan-an ni wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀ sí, wọ́n á fi pákó bò ó, èrò á wá jókòó lókè rẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló ní. Pọ́lọ́ọ̀gì yẹn ló ń ṣáná kí epo tó lè jó. Ohun tó ń pín iná fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tí kì í jẹ́ kí ọ̀kan gba ti ìkejì, òun ni wọ́n ń pè ní dísítíríbútọ̀. Ó rí bí ife onídèérí, wáyà á sì yọ sókè lórí rẹ̀ bí irun tí wọ́n fi òwú dì. Nínú ti àtijọ́, irin kékeré méjì kan wà níbẹ̀ tó máa ń pàdé, tó sì máa ń yà. Tó bá ti yà báyìí, iná á fò. Pọ́íǹtì ni wọ́n ń pe irin méjèèjì. Àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn kò ju kí etí páálí ìṣáná kọjá lọ. Tó bá fẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́. Tó bá há jù, kò ní jí rárá.

Ọkọ mi ló ń tọ́ àlàfo yẹn fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ fi pamọ́ fún mi. Mo kàn ń rí i pé ó ń gbé orí súnmọ́ nǹkan bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti dísítíríbútọ̀ kan láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, kò rí i tọ́. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a, ó ní kí n gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí n wá. Ó ya etí páálí ìṣáná, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tì í bọ àárín irin méjèèjì, kí n sọ fún òun bóyá ó ń há tàbí ó ń kọjá gbẹrẹ. Mo ní ó ń há. Ó ní kí n dẹ ìdè rẹ̀ díẹ̀, kí n tún un tì bọ̀ ọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ tí irin kàn ń fọwọ́ ra páálí yẹn lára, ó ní ó tó, ká dé e. Ó sítáàtì ẹ́ńjìnnì náà, ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ mi wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni mò ń tọ́ pọ́íǹtì, àwọn oníbàárà ò sì mọ̀.

Èmi náà ló ń lọ sọ́jà lọ ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé, ọkọ mi á wé èyí tó ti bàjẹ́ sínú ọ̀rá, á ní kí n bá òun mú irú rẹ̀ wá. Sáńpù la máa ń pè é. Mi ò lè ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n màá ka ihò, màá ka eyín, màá gbé àtijọ́ àti tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, màá ti ìka bọ ibi tó yẹ kí ìka wọ̀. Mi ò mú èyí tí kò bára mu wálé rí. Àwọn ọlọ́jà máa ń sọ pé ọwọ́ màmá yìí mọ̀wé ju àwọn lọ. Inú mi máa ń dùn, kí n má purọ́. Èmi tí mi ò mọ A yàtọ̀ sí B, tí àwọn ọkùnrin ń súnra kì fún lẹ́nu ìsọ̀ kí n lè rọ́nà kọjá.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni. Ó ń kó èrò láàárọ̀ láti Ọ̀jọ́ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá náà kì í wà á fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan ló gbà, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nítòsí wa níbí. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá wá sọ́dọ̀ wa, òun ló máa ń bá a wá, á jókòó tì í bí ẹni tó gbé ọmọ wá sílé ìwòsàn, á sì jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ mi. Ìyá Ẹ́ńjìnnì ló máa ń pè mí. Ó máa ń ní tí ọbẹ̀ mi bá lata jù, pé mo ti ṣi páálí ìṣáná lò nídìí ata. Òun nìkan ló mọ̀ nínú àwọn oníbàárà pé èmi ni mò ń tọ́ pọ́íǹtì, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó máa ń mu sìgá nígbà náà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn, ìyàwó ní èéfín yẹn ò ní wọlé bá ọmọ òun. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lójú gbogbo wa tá a péjọ, ó gbọ́wọ́ lé orí ọmọ náà, ó fi búra pé òun ò ní fẹnu kan sìgá mọ́ láéláé. Àwọn àgbà ní kò yẹ kí wọ́n máa fi orí ọmọ búra, pé kó kàn jáwọ́ ńbẹ̀. Ó ní òun ti búra ná. Mi ò sì rí i kó mu ún mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Tó bá jókòó lọ́dọ̀ wa, obì ló máa ń jẹ lẹ́nu.

Lọ́dún kan, bàbá ọlọ́kọ̀ wá bá wa, ó ní òun fẹ́ pa pọ́íǹtì tì. Ó ní atẹ́gùn omi máa ń jẹ́ kó dógùn-ún, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ́ńjìnnì ti wúkọ́ lórí omi tòun tèrò nínú, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti pààrọ̀ tiwọn sí ẹlẹ́tíróníìkì. Irú èyí kò ní irin tó ń pàdé tó ń yà. Nǹkan dúdú kékeré kan tí wọ́n dé pa ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ nínú, kò sẹ́ni tó ń tọ́ ọ, kì í dógùn-ún. Ọkọ mi ní kò burú, òun á ṣe é.

Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ọkọ mi sọ fún mi pé ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ojú òun ò ní máa dá iṣẹ́ dúró mọ́. Mo ní òótọ́ ni. Nínú mi lọ́hùn-ún, mò ń bi ara mi pé kí ló wá kù tí èmi á máa ṣe lábẹ́ páànù yẹn. Ọjà rírà nìkan ló kù. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi múra sí i tó bẹ́ẹ̀.

Ó tú dísítíríbútọ̀ àtijọ́ náà sílẹ̀, ó wé e sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sọ́jà. Mo wọ ìsọ̀ mẹ́ta, wọn ò ní i. Ẹni kẹrin fi àkàbà gun òkè lọ, ó gbé ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ nínú páálí. Mo gbé méjèèjì lé orí tábìlì rẹ̀. Mo ka ihò òkè, ó pé. Mo wọn ọ̀pá rẹ̀, gígùn kan náà ni. Mo ka eyín tó wà nídìí ọ̀pá, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo dorí àtijọ́ kodò, mo rí ihò kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, nǹkan kan bí asẹ́ wẹ́wẹ́ dí i lẹ́nu, epo dúdú ti kún inú asẹ́ náà, ó dì. Mo dorí tuntun kodò. Ihò kan náà wà níbẹ̀, ojú ibi kan náà, ṣùgbọ́n òfìfo ni, kò sí asẹ́. Mo fi ìka nù ún. Mo rò pé ìdọ̀tí ọdún púpọ̀ ló gbá jọ sẹ́nu ti àtijọ́. Mo tún rò ó pé tuntun yìí á lè mí dáadáa. Ìwé wà lára páálí náà, ó pọ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kà á fún mi, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kí ni màá tún ṣe é fún lọ́jọ́ yẹn. Ọlọ́jà ní ṣé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Mo ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo délé, mo gbé e fún ọkọ mi. Ó gbé e sójú oòrùn, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀, ó yí i po. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó fi èékánná ìka rẹ̀ tó kéré jù wá ihò yẹn kàn. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Mo dúró tì í, mo ṣì fi gèlè tí mo wé lọ sọ́jà sórí, mò ń retí kó yìn mí. Mo ní àbí òun kọ́ ni. Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, “Òun ni. O ṣeun, ìyá àwọn ọmọ. Ojú rẹ mú.” Ó sì wọnú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi rọ́bà omi sí i lára kó má bàa gbóná, ó sítáàtì rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn rí lábẹ́ páànù wa. Kò wúkọ́, kò gbọ̀n, ó kàn ń lọ wéré bí ẹni tó ń sùn. Àwọn aládùúgbò yọjú. Ọkùnrin awakọ̀ yẹn pàtẹ́wọ́, ó ní Ìyá Ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín o. A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sápá kan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa fáànù. Fáànù kékeré kan máa ń wà nínú ọkọ̀ irú èyí tó ń fẹ́ òórùn epo jáde nínú ikùn rẹ̀. Ọkọ mi ní kó má gbàgbé láti tan fáànù yẹn pẹ́ kó tó yí kọ́kọ́rọ́. Ó sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn mọ́tò. Ó tún sọ ọ́ nígbà tí mọ́tò ti fẹ́ máa lọ. Awakọ̀ ní Bàbá, mo ti gbọ́, àbí ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ síwájú orí ni. Mo rò ó nígbà yẹn pé ọjọ́ ogbó ló ń mú un máa tún ọ̀rọ̀ sọ.

Ọkọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé. Kò kú sáàárín omi lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọlọ́kọ̀ méjì mìíràn wá sọ fún ọkọ mi pé kó bá àwọn náà pààrọ̀ tiwọn. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá ni wọ́n pè wá. Awakọ̀ ti bu epo sọ́kọ̀, èrò kankan ò tíì wọlé, a dúpẹ́ lórí ìyẹn. Wọ́n ní ó kàn yí kọ́kọ́rọ́ ni, pákó tó bo ẹ́ńjìnnì sì fò sókè, iná wá tẹ̀ lé e. Ó bẹ́ sómi. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á jáde, ojú, ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti jó. Ọkọ̀ jó títí ó fi rì síbi tí wọ́n so ó mọ́.

Kò tíì kúrò nílé ìwòsàn tí ọ̀rọ̀ fi gba etí omi kan pé sìgá ló mu. Kò sẹ́ni tó rí sìgá. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n ní amusìgá tẹ́lẹ̀, kí ló tún ń mú pẹtiróòlù gbiná. Bàbá ọlọ́kọ̀ wá sílé wa. Mo gbé omi wá fún un, ọwọ́ mi ṣì wà lára ife nígbà tó bi ọkọ mi bóyá ó lè jẹ́ iná ẹ́ńjìnnì náà ló fà á, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ní iná inú dísítíríbútọ̀ kì í jáde síta. Bàbá náà mi orí, ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀, pé sìgá ni. Ọkọ mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bí ó ṣe di òótọ́ nìyẹn. Ìyàwó awakọ̀ náà dúró tì í nílé ìwòsàn títí awọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú egbò. Ó ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́mọ pọ̀n, ó lọ. Ó sọ fún mi kó tó lọ pé kì í ṣe ojú tó jó ló ń lé òun, pé òun lè máa bá ojú yẹn gbé. Ó ní ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá fi orí ọmọ òun búra irọ́, kí ló kù tí kò lè fi ọmọ náà ṣe. Mo ní kó ṣe sùúrù.

Nígbà tí ara awakọ̀ náà le díẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ wa. Ó wé aṣọ mọ́ ọwọ́ méjèèjì. Kò jókòó. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé nǹkan mìíràn lè fa iná. Ẹ ò ní sọ ju ìyẹn lọ. Mi ò mu sìgá, Bàbá.”

Ọkọ mi ní òun ò sí níbẹ̀, báwo ni òun á ṣe mọ̀. Ọkùnrin náà wá yíjú sí mi, ó rò pé màá bá òun bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò tíì mọ nǹkan kan nígbà yẹn, àbí kí n sọ pé mi ò fẹ́ mọ̀. Nítorí mo ti rí i pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè wá, ọkọ mi ò wọ abẹ́ páànù mọ́. Ó ta irinṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì wá, á ní ojú òun ti lọ. Nígbà tó yá, ó tú páànù náà, ó fi ṣe ọgbà adìyẹ, kò sì sin adìyẹ kankan.

Ọdún márùn-ún la lò bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀ wá dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ọmọ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń fi omi nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, “Ti mọ́tò ilẹ̀ ni èyí tí o rà lọ́jọ́ yẹn.”

Mi ò béèrè pé kí ni mo rà. Mo mọ ohun tó ń sọ. Ó ṣe àlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣàlàyé iṣẹ́. Ó ní ìrísí kan náà ni wọ́n ń fún méjèèjì, ṣùgbọ́n asẹ́ tí mo pè ní ìdọ̀tí yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ wọn. Ó ní nínú mọ́tò ilẹ̀, tí epo bá ń rùn, atẹ́gùn á gbé e lọ. Nínú ọkọ̀ omi kò ríbi lọ, ńṣe ló máa ń wálẹ̀ jókòó sínú ikùn ọkọ̀ bí omi inú àwo. Asẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí iná tó ń fò nínú dísítíríbútọ̀ yọ ahọ́n síta bá a. Èyí tí mo rà kò ní asẹ́.

Mo bi í pé ìgbà wo ló mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí mo gbé e dé, nígbà tí òun fi èékánná kàn án.

Mo ní, “Ẹ ẹ̀ wá sọ fún mi. Ǹ bá ti gbé e padà lọ́jọ́ yẹn náà.”

Ó ní, “Inú rẹ ń dùn. O dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí o ti ń fojú rẹ ríran fún mi, o ò sì ṣì í rí. Mi ò lè la ẹnu sọ fún ọ pé ìwé tó wà lára páálí lo ò lè kà.”

Ó ní òun rò pé fáànù á tó o. Ó ní òun fẹ́ dọ́gbọ́n wá èyí tó yẹ, kí òun pààrọ̀ rẹ̀ létí omi láìsọ fún mi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń lọ dáadáa, lónìí, lọ́la, ọkàn òun sì fara balẹ̀. Mo bi í nípa awakọ̀. Ó sunkún. Mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n máa sọ létí omi pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló jó ènìyàn. Ó ní kí n má sọ ọ́ títí wọ́n á fi sin òun. Mo ní mo gbọ́. Mo ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò ríbi gbé ìbínú náà lé, nítorí tí mo bá gbé e lé e lórí, ara tèmi náà ló ń bọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú. A sin ín. Àwọn ọlọ́kọ̀ wá láti Ọ̀jọ́, wọ́n dúró létí sàréè, wọ́n ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá yìí kúrò kì í kú sáàárín omi. Mo gbọ́ ọ títí, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó yẹ kí n ti lọ bá awakọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mi ò lọ. Mo ní kí ọ̀fọ̀ parí. Ọ̀fọ̀ parí, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó tó ọdún kan kí n tó lè sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó wà. Wọ́n ní ó ti kó lọ sí Bàrúwà, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà kan níbẹ̀, ó ń ṣí géètì fún àwọn onímọ́tò. Mo dá lọ. Mi ò sọ fún àwọn ọmọ mi.

Ó dá mi mọ̀ kí n tó dá a mọ̀. Ó dìde, ó fún mi ní àga rẹ̀, ó lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń dán, ìka rẹ̀ ò ká tán mọ́. Ó kí mi kú àdánù Bàbá, ó ní òun gbọ́, ó dun òun pé òun ò lè wá. Mo ní kó má kí mi. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá wá, nítorí tó bá tún kí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, màá padà sílé ni.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ọjà, mo sọ ti asẹ́, mo sọ ohun tí ọkọ mi sọ lórí ibùsùn. Mọ́tò kan fun fèrè ní géètì, ó dìde lọ ṣí i, ó tì í, ó padà wá jókòó. Ó wá bi mí pé, nígbà tí òun wá bẹ Bàbá pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, ṣé Bàbá ti mọ̀. Mo ní ó ti mọ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ mọ nǹkan kan? Mo ti gbà pé bóyá mo mu ún. Wọ́n sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá di ojú báyìí, mo máa ń rí i lọ́wọ́ ara mi.”

Mo ní kò mu ún. Mo ń wí i ní àwítúnwí, mo rò pé màá lè fi yọ ọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ gbé mi dìde kíákíá, ó ní kí àwọn ènìyàn má bàa rò pé òun ń fìyà jẹ àgbàlagbà. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Èmi náà ò béèrè.

Ohun tó béèrè ni pé kí n sọ ọ́ fún ìyàwó òun. Ó yọ fóònù, ó fi ẹ̀yìn ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí mi létí. Ó pe nọ́ńbà yẹn bí ẹni tó ń pè é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà gbé e, ohùn rẹ̀ fi hàn pé kò mọ ẹni tó ń pè é. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ilé. Mo sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ò mu sìgá, pé èmi ni mo ra nǹkan tó jó o, pé ọkọ mi mọ̀, a sì dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìró àwo àti ṣíbí lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ kan tó ń béèrè nǹkan. Obìnrin náà ní kí ọmọ yẹn lọ síta.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ, kò gùn, ó kí mi pé ó dàbọ̀ mà, ó sì pa fóònù.

Ọkùnrin náà ń wo ẹnu mi. Ó ní, “Kí ló sọ?”

Mo rò ó wò. Àgbà ni mí, mo lè wá ọ̀rọ̀ tó dára síbẹ̀. Mo lè ní ó ń sunkún, ó ní kí o máa bọ̀. Ó máa tù ú nínú títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà tá a fi tọ́jú ọ̀rọ̀ fún un, bóyá kó má bàa dun ẹnì kan, òun ló gbé e jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yẹn. Mo sọ ọ́ fún un bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́. Mo ní, “Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun ti wà nílé ẹlòmíràn, ọmọ sì ti ń pe ẹni yẹn ní dádì. Ó ní kí o má bínú pé òun ò gbà ọ́ gbọ́. Ó ní ká má pe nọ́ńbà yìí mọ́.”

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ, gbogbo rẹ̀ pátá, mi ò yọ ọ̀kan kúrò.